Igi Tí A Fi Ń Ka Ogún

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń pín ogún ẹni tí ó kú láìṣe ìwé ìhágún, ọ̀rọ̀ méjì ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé: ìdí-igi àti orí-òjorí. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí ni méjèèjì. Igi tí a ń wí níbẹ̀ kì í ṣe igi inú igbó, ìyàwó ni. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí ọkùnrin fẹ́ dúró bí igi kan, àwọn ọmọ tí ó bí sì kó ara wọn jọ sí ìdí rẹ̀. Bí baba bá kú, wọn a ka iye igi tí ó wà nílé, wọn a pín ohun ìní rẹ̀ sí iye ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ìdí igi kọ̀ọ̀kan a sì tún tiwọn pín láàárín ara wọn. Orí-òjorí kò ka igi ní tirẹ̀. Orí ọmọ ni ó ń kà, gbogbo orí sì dọ́gba.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti ṣàlàyé wọn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀ ó pẹ́ kí n tó bi ara mi ní ìbéèrè kan tí ọmọdé pàápàá ìbá béèrè. Nígbà tí a bá ka igi tán, tí a pín ogún tán, kí ni igi fúnra rẹ̀ gbà? Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Igi kò gba nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pín in, òun kọ́ ni a pín in fún.

Ìjà ni mo gbé wá lónìí, n kò sì ní fi bò. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà ni àwọn tí wọ́n ń wo ojú opó, tí wọ́n ń sọ pé kí ó dìde nínú ilé tí ó bá ọkọ rẹ̀ kọ́, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́: “Àṣà Yorùbá ni.”

Ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà ní Ìbàdàn, ìyá kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Ohun tí a ń pè é náà ni mo máa pè é níhìn-ín. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹbí tí ó fẹ́ wọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Owó èsúsú tí ìyá náà kó ni wọ́n fi san ìdajì owó ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, òun ni ó ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà, òun ni ó ń se oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, èrè orí èlùbọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ra páànù tí wọ́n kàn sórí iyàrá méjì ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ onílẹ̀ gbé bírò láti kọ rìsíìtì, orúkọ ọkọ nìkan ni ó kọ. Ta ni yóò sọ pé kí wọ́n kọ ti ìyàwó mọ́ ọn? Ìyá náà gan-an ni ìbá kọ́kọ́ ní kí wọ́n má kọ ọ́, kí ayé má baà sọ pé ó ń bá ọkọ du ilé.

Ọkọ kú lójijì. Kò ṣe ìwé ìhágún. Ẹni mélòó ni ó ń ṣe é nínú wa? Ẹni tí ó bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú, bí ẹni tí ń pe ikú wá sílé ni àwọn ará ilé ń wò ó. Ọmọbìnrin méjì ni ó fi sílẹ̀, èyí ẹ̀gbọ́n sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Kí saara ogójì ọjọ́ tó kọjá, àbúrò ọkọ ti kó àgbààgbà mẹ́ta wá láti ilé. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n mu omi tí opó gbé fún wọn. “Ìyàwó wa,” ni wọ́n wí (ọdún kejìdínlógún rẹ̀ rèé ní ilé ọkọ, ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pè é), “gbé ìwé ilẹ̀ náà wá, kí ẹbí bá ọ tọ́jú rẹ̀.” Ó wọlé, ó sì gbé e wá, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ ni.

Kò tó ọdún méjì tí ayálégbé fi wà nínú iyàrá méjì tí ó fi owó ara rẹ̀ kan páànù lé. Àbúrò ọkọ ni ó ń gba owó ilé. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó lọ sí iyàrá kan lẹ́yìn ọjà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ilé náà pé kì í ṣe títà. Ẹ máa rí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ní ilé púpọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Àwọn gbájú-ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n ń fi lé, òótọ́ sì ni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, inú ilé náà gan-an ni ẹni tí wọ́n ń lé wà.

Nígbà tí ará àdúgbò kan bi àwọn àgbààgbà náà léèrè, ohun tí wọ́n sọ ni pé àṣà ni. Ibí yìí ni ó ti yẹ kí a dá wọn dúró, nítorí pé irọ́ ni wọ́n pa, ó sì yẹ kí àwa tí a ń kọ́ àṣà mọ̀ pé irọ́ ni. Lábẹ́ àṣà Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé ẹjọ́ wa ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, bí ọkùnrin bá bí ọmọ, ọmọ ni ó ni ogún. Àbúrò òkú lè jẹ́ àgbà nínú ẹbí, ó lè máa bójú tó nǹkan títí ọmọ yóò fi tó ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n alábòójútó kì í ṣe onínǹkan. Owó ilé tí ọkùnrin yẹn ń gbà, ti àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ni. Kò sì lè sọ pé nítorí pé wọ́n jẹ́ obìnrin ni. Yorùbá kò yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún baba rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908, ilé ẹjọ́ gbà pé dáwódù, èyí ni ọmọkùnrin tí ó dàgbà jù, ni ó ń di olórí ẹbí lẹ́yìn baba. Ṣùgbọ́n bí dáwódù bá kú, ọmọ baba náà tí ó dàgbà tẹ̀ lé e ni ipò kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Èyí ni a máa ń fi yangàn. Ní 2014, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Ukeje, tí ó sọ pé àṣà Ìgbò tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún baba rẹ̀ lòdì sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbé agbádá sọ́rùn pé àwa ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ní ti ọmọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ Anekwe, tí ó bẹnu àtẹ́ lu àṣà Awka tí ń lé opó kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Nígbà tí mo wo ọ̀dọ̀ tiwa, ìyangàn náà kúrò lójú mi. Ẹ wo ohun tí àwọn adájọ́ ti kọ sílẹ̀ ní orúkọ wa.

Ní 1929, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ẹbí Sogunro ní Èkó wá, ilé ẹjọ́ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ìyàwó kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, nítorí náà kò ní ìpín. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Adájọ́ Olumuyiwa Jibowu kọ ọ́ pé ìlànà tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín Yorùbá ni pé ìyàwó kò lè jogún ọkọ rẹ̀, nítorí pé bí ohun ìní ni òun fúnra rẹ̀ jẹ́, ẹbí ọkọ ni yóò jogún òun. Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ dúró. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún un sọ: lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó ẹni tí kò ṣe ìwé ìhágún jẹ́ ara ohun tí ẹbí olóògbé yóò ṣàkóso tàbí tí wọn yóò jogún, kò sì lè gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún náà. 1997! Fóònù alágbèéká ti dé ilẹ̀ wa nígbà náà, obìnrin sì ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ ohun ìní pẹ̀lú àga àti bẹ́ẹ̀dì.

Jibowu kan náà tí mo dárúkọ yìí ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, ẹjọ́ tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí kò mọ̀ ọ́n. Dawodu kú ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ni ó fẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni kí a pín ogún rẹ̀ sí ni, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án? Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ kí a ní igi méjì ni ó wà nílé, tí ọ̀kan bí ọmọ kan ṣoṣo, tí èkejì bí márùn-ún. Bí a bá fi ìdí-igi pín in, ọmọ kan ṣoṣo yẹn yóò gba ìdajì, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yóò sì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí a bá fi orí-òjorí pín in, gbogbo wọn ni yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà. Jibowu sọ pé ìdí-igi ti di ohun àtijọ́, kò sì bá ẹ̀tọ́ mu mọ́, kí wọ́n fi orí-òjorí pín in. Ilé ẹjọ́ tí ó ga ju tirẹ̀ lọ yí i padà ní 1958. Ọ̀rọ̀ náà kọjá òkun lọ bá Privy Council, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1962: ìdí-igi ni àṣà tí ó ṣì wà, orí-òjorí jẹ́ ọ̀nà tuntun tí olórí ẹbí lè lò bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìdí-igi. Wọ́n fi kún un pé kò tọ́ kí a fi òṣùwọ̀n àwùjọ aláya kan wọn ohun tí ó tọ́ nínú àwùjọ aláya púpọ̀.

Ọdún méjìlélógún kọjá láti ìgbà tí baba náà ti kú títí di ọjọ́ tí wọ́n parí ẹjọ́ náà. Bóyá igi ni kí a kà tàbí orí ọmọ, ọgbọ́n àwọn adájọ́ láti Èkó títí dé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n dà lé e. Ohun tí ó yẹ kí igi mẹ́rin náà gbà kò sí nínú ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú wọn. Ọkùnrin tí ó rí i kedere pé ó yẹ kí àṣà yí padà nítorí ìdọ́gba láàárín àwọn ọmọ ni ó kọ ọ́ ní 1957 pé bí ohun ìní ni ìyá àwọn ọmọ jẹ́. N kò sọ ọ́ láti bú u. Adájọ́ ńlá ni, ó sì wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kọ́kọ́ dé orí àga ìdájọ́. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí bí ojú tí ó mọ́ gaara ṣe lè kọjá lórí ìyàwó láìrí i.

Ó yẹ kí n fún àwọn tí mo ń bá jà ní ẹ̀tọ́ wọn, nítorí pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lágbára. Wọ́n ní ọkọ náà kì í jogún ìyàwó lábẹ́ àṣà. Òótọ́ ni. Bí obìnrin bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ni ohun ìní rẹ̀. Bí kò bá bímọ, ọ̀dọ̀ ẹbí tí ó bí i ni yóò padà sí. Wọ́n tún ní obìnrin Yorùbá kì í ṣe aláìnílé: ó ní ẹ̀tọ́ nínú ogún baba rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè lé e nínú agbo ilé tí wọ́n ti bí i, ọjà tí ó ń tà àti owó tí ó ń kó jọ sì jẹ́ tirẹ̀, ọkọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo èyí rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń kọ ìwé nípa wa ní ilẹ̀ òkèèrè gbọ́ ọ, nítorí pé ìyàwó tí ń ní owó tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àṣà yẹn dúró sí nígbà tí ó péye. Ọkọ ń ṣe oko lórí ilẹ̀ ẹbí, ilẹ̀ tí kò rà, tí kò sì lè tà. Ilé tí wọ́n ń gbé jẹ́ iyàrá nínú agbo ilé baba rẹ̀. Aya ń ta ọjà tirẹ̀, ó ń fi èrè rẹ̀ sí àpò tirẹ̀. Bí ikú bá dé, kò sí ohun tí àwọn méjèèjì jọ fi owó rà tí yóò dá ìjà sílẹ̀. Ẹbí gba iyàrá, ẹbí sì gba ẹrù. Ẹni tí ó bá ṣú opó, òun ni yóò bọ́ ọ, òun ni yóò tọ́ àwọn ọmọ òkú bí ọmọ ara rẹ̀, agbo ilé á sì máa wò ó bóyá ó ń ṣe é dáadáa. Opó tí kò fẹ́ ẹnì kankan nínú wọn tí ó sì ní ọmọ, ó jókòó sínú ilé nítorí ọmọ rẹ̀. N kò ní kí a padà sí ṣíṣú opó. Ohun tí ó ti kọjá ni ní ìlú ńlá, ó sì dára bí ó ti kọjá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ méjì ni àṣà náà ní. Ọ̀kan ń gbà, èkejì ń gbé ẹrù.

Lónìí, tọkọtaya ń ra póòtù ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba ẹnikẹ́ni nínú wọn. Owó oṣù méjèèjì, owó àjọ, owó kọ́pẹ́, gbogbo rẹ̀ wọ inú ìpìlẹ̀ kan. Obìnrin kò ní àpò tirẹ̀ mọ́. Ó ti da àpò rẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì. Ọkọ kú, ẹbí sì dé. Wọn kò gbé ọmọ kankan lọ sílé láti tọ́jú. Wọn kò béèrè owó ilé ìwé. Ọwọ́ tí ń gbà nìkan ni wọ́n mú dání. Bí ẹ bá wá sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún, pé kí ó padà sí agbo ilé baba rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó ti fi sílẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ìyẹn ní àṣà. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọn kò ní ju ìbẹ̀rù lọ. Wọ́n ní bí ìyàwó bá mọ̀ pé òun yóò jogún, yóò pa ọkọ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin tí ó kàwé, nínú yàrá ìkàwé. Ọmọ ń jogún baba rẹ̀. Ṣé a ti sọ pé kí ọmọ má jogún kí ó má baà pa baba? Àbúrò tí ń wo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ta ni ó ti fura sí i? Ẹni tí ó ń sun ẹsẹ̀ ìrọ̀mí ní ilé ìwòsàn nígbà tí ọkùnrin náà ń ṣàìsàn, òun nìkan ni a rí láti fura sí.

Àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé àṣà kì í yí padà, kí wọ́n wo ibi tí a ti ń bọ̀. Ní 1898, nínú ẹjọ́ Cole, arákùnrin olóògbé kan lọ sí ilé ẹjọ́ ní Èkó, ó ní lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ òun ni àrólé. Olóògbé ní aya tí ó gbé níyàwó ní ìlànà Kristẹni ní Sàró, ó sì ní ọmọ. Ilé ẹjọ́ kò gba ti arákùnrin náà, nítorí irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Lóde òní, olóògbé ìbáà má tilẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, arákùnrin kò ṣáájú ọmọ mọ́ nínú ogún. Orí-òjorí náà, àwọn adájọ́ gan-an ni wọ́n pè é ní ohun tuntun. Àṣà tí ó gba ọmọ mọ́ra, tí ó gba ọmọbìnrin mọ́ra, tí ó dá ọ̀nà tuntun láti pín ogún, ṣé ẹnu ọ̀nà ìyàwó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti rọ?

Òfin ìjọba ṣe díẹ̀, n kò ní sọ pé kò ṣe é. Láti 1959 ni Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ti ní òfin ìṣàkóso ogún, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì jogún rẹ̀ lẹ́yìn náà. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba tí ó sì kú láìṣe ìwé ìhágún, aya rẹ̀ ní ìpín nínú ohun tí ó jẹ́ ti ara olóògbé, ohunkóhun tí àṣà ìbáà wí. Ilẹ̀ ẹbí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti rí: obìnrin méjì lè wà ní òpópónà kan, kí wọ́n jọ ti bá ọkọ wọn kọ́lé, kí ọ̀kan jogún nítorí pé ó fọwọ́ sí ìwé ní kóòtù, kí èkejì kó ẹrù rẹ̀ nítorí pé ìdáná nìkan ni wọ́n ṣe. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé wọ́n ti bọ́ nítorí pé pásítọ̀ so wọ́n pọ̀, láìmọ̀ pé bí ṣọ́ọ̀ṣì náà kò bá ní ìwé àṣẹ ìjọba, tí kò sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tí òfin mọ̀, ìgbéyàwó náà lè má yàtọ̀ sí ìdáná níwájú adájọ́. Òfin tí ó ka ìwà ipá léèwọ̀ ní 2015 dé, òun náà fòfin de lílé ènìyàn jáde nílé àti ìwà ìkà sí opó, àwọn ìpínlẹ̀ wa kan sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí a má lé mi jáde kì í ṣe kí ilé jẹ́ tèmi.

Àwọn Mùsùlùmí inú wa ni ọ̀rọ̀ tiwọn yà mí lẹ́nu jù. Kùránì kò fi ìpín aya pamọ́. Ó wà nínú Súrà kẹrin, ẹsẹ̀ kejìlá. Bí olóògbé bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti aya. Bí kò bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí aya bá pọ̀, wọ́n jọ pín in ni. Ẹnì kan lè sọ pé ó kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Saara ogójì ọjọ́ ni wọ́n ń mura rẹ̀ ní ilé Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ nígbà tí wọ́n gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àlùfáà wà níbẹ̀, wọ́n ka Kùránì láti àárọ̀. Nígbà tí ó kan ogún, wọ́n pa á dé, wọ́n ní àṣà ni.

Ẹ jẹ́ kí a sì wo àwọn Yorùbá tí kì í ṣe Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé. Ní Kétu, ní Sàbẹ́, ní Pọ̀bẹ̀, òfin ìdílé tí orílẹ̀-èdè Benin gbé jáde ní 2004 ti gba agbára òfin kúrò lọ́wọ́ àṣà nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ka aya tàbí ọkọ tí ó ṣẹ́kù mọ́ àwọn tí wọ́n ń jogún. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n síbẹ̀. Wọn kò gbàgbé oríkì wọn nítorí pé opó jogún. Ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ọkùnrin wa tí ó kú níbẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún, tí ó fi aya tí òfin mọ̀ àti ọmọ sílẹ̀, ilé tí ó ní níbẹ̀ yóò tọ òfin ilẹ̀ náà: láti oṣù keje 2023, aya ni yóò kọ́kọ́ gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 322 owó pọ́n-ùn, pẹ̀lú ìdajì ohun tí ó bá kù. Ilé tí ọkùnrin kan náà kọ́ sí Òṣogbo yóò tọ òfin Nàìjíríà. Àbúrò rẹ̀ lè gbé ọkọ̀ òfuurufú lọ sìnkú rẹ̀, kí ó sunkún pẹ̀lú opó, kí ó mọ̀ dájú pé òun kò lè fọwọ́ kan ilé ti Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì padà wá gba kọ́kọ́rọ́ ti Òṣogbo. Opó kan náà ni, àna kan náà ni.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ṣòro láti sọ. Kí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, láti Èkó dé Èkìtì, ṣe òfin tí yóò fún aya ìdáná àti aya yìgì ní ìpín nínú ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ní, bí ó ti wà fún aya kóòtù. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń ka èyí, ẹ kọ orúkọ aya yín mọ́ rìsíìtì ilẹ̀. Bírò kan ni, ìlà kan ni. Ẹ lọ ṣe ìwé ìhágún bí ẹ bá ní ohunkóhun tí ó jẹ́ tiyín, ikú kò ní tìtorí rẹ̀ yára dé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdí-igi àti orí-òjorí, tí ẹ ń yàwòrán igi mẹ́ta sójú pátákó tí ẹ ń fi ọfà tọ́ka sí ọmọ, ẹ fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n béèrè ohun tí igi gbà. Ẹ má dá wọn lóhùn kíákíá.

Àwọn ọmọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ti dàgbà báyìí. Èyí ẹ̀gbọ́n pè mí láìpẹ́ yìí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, “ṣé kò tíì pẹ́ jù láti béèrè ìwé ilé bàbá wa?” Mo sọ fún un pé ìdádúró lè pa ẹ̀tọ́ lára níwájú adájọ́, kí ó má fi ọjọ́ kan kún un mọ́, mo sì fi ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́yà kan hàn án. Ó béèrè bóyá ìyá wọn náà lè béèrè tirẹ̀. Ìdáná nìkan ni wọ́n ṣe ní tiwọn, n kò sì ní ìdáhùn tí ó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn.